Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ilé Àlejò ní Àgbádárìgì Kí Ìmọ́tótó Rẹ̀ Má Yingin

Ẹni tó bá ń gba àlejò ọlọ́jọ́ méjì mẹ́ta sílé ní Àgbádárìgì, ì báà jẹ́ ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ní Marina, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì (ilé tí wọ́n ń yá àlejò fún ọjọ́ díẹ̀) lápá etíkun Suntan, nǹkan mẹ́rin ló ń bá jà: yanrìn, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun, omi bọ́họ́ọ̀lù tó ní irin nínú, àti ọ̀rinrin. Àlejò á lọ wo ọjà ẹrú Vlekete, á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gberefu, á fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun, á sì kó yanrìn bọ̀ wálé nínú bàtà, nínú àpò ṣòkòtò àti nínú irun ọmọ. Ìtọ́jú tó ń tó ilé àlejò ní Ìkẹjà kò lè tó níbí. Ọṣẹ olóòórùn dídùn kò sì lè ṣe nǹkan kan sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí.

Ẹ kọ ìlànà sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀

“Ẹ tún ilé ṣe dáadáa” kì í ṣe ìlànà. Ohun tó jẹ́ ìlànà ni èyí tí ẹni méjì tí kò mọra rí lè fojú wò tàbí fọwọ́ kàn, kí wọ́n sì fẹnu kò sí i. Dípò kí ẹ kọ ọ́ pé “kí balùwẹ̀ mọ́”, ẹ kọ ọ́ báyìí: kò sí irun kan lórí ihò omi, kò sí àmì funfun tàbí pupa lára ẹ̀rọ omi, abẹ́ etí àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì funfun, ilẹ̀ gbẹ débi pé ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, ìbọ̀sẹ̀ kò ní tutù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Balùwẹ̀ tó ṣì tutù nígbà tí àlejò bá wọlé, lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀.

Ìwé kan fún yàrá kan, kí ìlà inú rẹ̀ má ju méjìlá lọ. Tó bá ti gùn ju bẹ́ẹ̀, wọn á kàn máa fàmì sí i láìkà á ni. Lẹ́yìn náà, ẹ tún yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe yẹ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀: bí ìrọ̀rí ṣe jókòó, ibi tí rìmóòtù wà, bí aṣọ ìnura ṣe ká, iye ife tó wà lórí tábìlì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ ń kó irinṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí lágbègbè wa, èdè Ògù ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì lọ. Fọ́tò kò nílò ògbufọ̀.

Àkókò, irinṣẹ́, àti ohun tó yẹ kó ṣáájú

Tí àlejò bá ń jáde ní aago mọ́kànlá àárọ̀, tí òmíràn sì ń wọlé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wákàtí mẹ́rin lẹ ní. Ilé oníyàrá méjì àti balùwẹ̀ méjì gba ẹni méjì fún wákàtí mẹ́ta. Wákàtí kan tó kù wà fún kí ilẹ̀ gbẹ àti fún àyẹ̀wò. Ẹ má fi ẹnì kan ṣoṣo sí i. Kò ní í parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin, ohun tí yóò sì fò ni ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹni tó ń yára kì í bẹ̀rẹ̀ wò.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ ka fífọ aṣọ mọ́ wákàtí mẹ́ta yìí. Ìdí nìyẹn tí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta: ọ̀kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan wà lójú ìfọṣọ, ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje tí òjò ń rọ̀ ní àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ẹ fi ìkẹrin kún un, nítorí aṣọ tí kò gbẹ tán tí wọ́n ká pa mọ́ yóò rùn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú ìgbálẹ̀, ẹ fa omi kún táǹkì. Iná lè lọ nígbàkígbà, ẹni tí omi bá tán mọ́ lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́ yóò fi omi ìdọ̀tí kan náà nu gbogbo ilé.

Àkísà gbọ́dọ̀ ní àwọ̀: pupa fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan, aláwọ̀ ìyeyè fún ibi ìfọwọ́ àti ibi ìwẹ̀, aláwọ̀ ewé fún ilé ìdáná, aláwọ̀ aró fún yàrá àti pálọ̀. Mọ́ọ̀pù méjì ló yẹ kó wà, ọ̀kan fún balùwẹ̀, ọ̀kan fún ibi tó kù. Àwọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: tí kò bá sí i, àkísà tó nu etí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni yóò padà nu ojú tábìlì ìjẹun, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tò lé ara wọn nìyí. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ ìrọ̀rí àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá àlejò gbàgbé nǹkan tàbí ó ba nǹkan jẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó ìdọ̀tí jáde. Ẹ da oògùn sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbọn òkè: apá fáànù, jànkáríwọ̀ ara àjà, orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wá máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìdáná tẹ̀ lé e, balùwẹ̀ tẹ̀ lé ìyẹn, ilẹ̀ ni ìkẹyìn, láti yàrá tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó gbọn fáànù, orí ìrọ̀rí ni eruku yóò bọ́ sí, àgàgà lásìkò ọyẹ́.

Yanrìn

Ẹnu ọ̀nà ni ìjà yanrìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ omi kékeré kan síta, kó má ga ju orúnkún lọ, kí àpótí ìjókòó wà níbẹ̀ fún àgbà tó fẹ́ ṣan ẹsẹ̀. Níwájú ilẹ̀kùn, ẹ tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ líle, èyí tí wọ́n fi ìhùnhùn èèpo àgbọn ṣe dára jù, àgbọn kò sì wọ́n wa. Nínú ilé, ẹ tẹ́ aṣọ tó ń fa omi. Èyí tó wà níta ń ha yanrìn dànù, èyí tó wà nínú ń gbẹ omi ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà, ẹsẹ̀ tútù ni yóò gbé yanrìn tó kù wọ pálọ̀.

Ẹ fún àlejò ní aṣọ ìnura aláwọ̀ dúdú tàbí aró fún etíkun, kí wọ́n má baà gbé èyí tó wà ní balùwẹ̀ lọ. Ẹ so okùn sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n á máa sá a sí.

Yanrìn gbígbẹ ni a ń gbá. A kì í fi omi lé e. Tí mọ́ọ̀pù tútù bá kan yanrìn, ó di ẹrọ̀fọ̀, ó ń ha ojú táìsì títí tí kò fi ní dán mọ́, tí wọ́n bá sì fọ mọ́ọ̀pù náà ní balùwẹ̀, ó ń lọ jókòó sínú ọ̀nà omi. Ẹ gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó fi omi kàn án. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tó ṣì gùn dára fún igun ilé àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ju bírọ́ọ̀ṣì onírọ́bà lọ, kí ẹ ṣáà ti ṣa ẹyọ ìgbálẹ̀ tó bá já sílẹ̀. Ẹ gbé tìmùtìmù orí àga, ẹ gbọn abẹ́ rẹ̀. Omi mọ́ọ̀pù, ìta ni kí ẹ dà á sí. Lásìkò Kérésì, Àjíǹde àti Iléyá tí èrò ń wọ́, kí ẹ máa ṣí àwo tó bo ihò omi balùwẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ bu yanrìn tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹ má dúró kí omi kọ̀ láti lọ.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì pàápàá, ẹ gbọ̀n ọ́n níta kó tó wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Yanrìn ló ń tètè ba páńpù ẹ̀rọ náà jẹ́ ní etíkun. Tí ẹ bá sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ ra ojú rẹ̀ láti ibi ìrọ̀rí dé ibi ẹsẹ̀. Ojú lè má rí ẹyọ yanrìn mẹ́wàá, ọwọ́ yóò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn àlejò yóò sì mọ̀ ọ́n lóru.

Omi tó ní irin, àti bí jíìkì ṣe ń dá wàhálà sílẹ̀

Ẹ bu omi bọ́họ́ọ̀lù yín sínú abọ́ funfun lálẹ́, ẹ wò ó láàárọ̀. Tó bá mọ́ gaara nígbà tí ẹ bù ú, tó wá pọ́n tàbí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di aláwọ̀ ìpẹtà láàárọ̀, irin wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn tó kàn án ló sọ irin tó ti yòrò di ìpẹtà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì, lára àwo ìfọwọ́ àti nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé tí wọ́n bá rí aṣọ funfun tó ń pọ́n, wọ́n á da jíìkì sí i. Jíìkì máa ń mú kí irin inú omi tètè di ìpẹtà sára òwú aṣọ ni, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń dà á ni aṣọ ń pọ́n sí i. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ tí kò ní jíìkì fọ̀ ọ́. Ibi tó ti pọ́n, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ kún un, ẹ sá a sí oòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ ṣan án dáadáa kó má baà jẹ aṣọ.

Ojútùú gidi wà ní ibi táǹkì. Ẹ jẹ́ kí omi láti bọ́họ́ọ̀lù máa já bọ́ láti òkè táǹkì àkọ́kọ́ bí òjò, láti inú páìpù tí ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí, kí atẹ́gùn lè kàn án. Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ẹ wá fa omi lọ sí táǹkì kejì láti ẹnu páìpù tó ga tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sókè ìsàlẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ má bàa bá a lọ. Ẹ máa fọ táǹkì àkọ́kọ́ yẹn lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ni àlejò máa ń fọkàn tán jù, a sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ tún omi ṣe kí ẹ tó náwó lé funfun. Títí dìgbà náà, àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ iyanrìn ló bọ́gbọ́n mu.

Fún ìlà pupa inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì, irú bíi Harpic, ló ń ká a. Ẹ kọ́kọ́ fi bírọ́ọ̀ṣì ti omi inú àwo náà wọlẹ̀, nítorí omi ń ba agbára oògùn jẹ́. Ẹ fún un sí abẹ́ etí àwo yíká, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé yín: oògùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn àti jíìkì kò gbọ́dọ̀ pàdé. Tí wọ́n bá pàdé, gáàsì olóró tó ń fún ènìyàn lọ́fun tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló ń jáde, balùwẹ̀ wa sì kéré, fèrèsé rẹ̀ kéré. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣèèṣì dà wọ́n pọ̀, kó jáde síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má dúró nu ún. Ọjọ́ tí ẹ bá lo ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ má tọ́jú àwọn méjèèjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Fínígà àti omi ọsàn pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ kan jíìkì.

Jíìkì ṣì wúlò fún pípa kòkòrò àrùn. Ẹ wo ara ike rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 3.5% sí i, ìwọ̀n mìlílítà 30 sínú lítà omi kan ló tó fún ilẹ̀ balùwẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ojú ibi ìgékúgèé. Fún ibi tí ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìgbẹ́ bá kàn, ife kan sí ife omi mẹ́fà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò ná, kí ẹ tó fi jíìkì sí i, kí ó sì wà ní tútù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fífi í nù kíá bí ẹni ń nu tábìlì kò pa nǹkan kan. Ohun tí ẹ pò lónìí, ẹ má lò ó lọ́la, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ má sì máa dà á ní àdàkún sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, nítorí ó ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí nínú sokawéè. Sokawéè Àgbádárìgì kò nílò ìnira kún ìnira. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò jìn, ó sì ń tètè kún nígbà òjò.

Ọ̀rinrin, ebu àti iyọ̀

Ẹ má ti ilé tí kò sí àlejò nínú rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹnì kan wá ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, kó sì tan fáànù fún wákàtí méjì. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ni kó tàn, nítorí atẹ́gùn ìta náà tutù. Bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ fara ti ògiri. Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́ sáàárín wọn.

Àsẹ́ inú ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ máa fà á yọ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ níbòòji kí ẹ tó dá a padà. Ibẹ̀ ni òórùn ọ̀rinrin tí àlejò ń pè ní “òórùn ilé” ti sábà máa ń wá.

Ebu dúdú lára ògiri, ẹ má fi bírọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á; ṣe ni ẹ ń fọ́n ọn ká gbogbo yàrá. Ẹ fi fínígà tí ẹ kò fi omi là fún un, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Tó bá padà láàárín oṣù kan, ó ṣeé ṣe kí páìpù kan máa jò tàbí kí òrùlé máa jò. Ẹ lọ wá ibẹ̀ kí ẹ tó ra ọ̀dà.

Iyọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan fèrèsé, irin ìlẹ̀kùn àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níta lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná rẹ̀ láti orísun, ẹ nu irin gbẹ, ẹ fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀ sí ìdè ilẹ̀kùn. Gíláàsì tí iyọ̀ ti mú, omi ló kọ́kọ́ ń kàn án. Tí àkísà gbígbẹ bá ṣáájú, yóò ha á.

Bẹ́ẹ̀dì

Fóòmù láìní aṣọ àbò tí omi kò lè gbà kọjá, owó ni ẹ ń dà nù. Aṣọ àbò yẹn gan-an ni kí ẹ fọ̀ tí ọmọdé bá tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, fóòmù kò ní í mọ̀ rárá.

Ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ omi tútù. Omi gbígbóná ń dè é mọ́ aṣọ. Epo pupa ń fẹ́ ọṣẹ ìfọwo lórí aṣọ gbígbẹ kí omi tó kàn án. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí ojú oòrùn gan-an. Àwọ̀ pupa tó bá kù, oòrùn ni yóò jẹ ẹ́, ó lè gba ọjọ́ méjì. Fún àtíkè àti ìkunsójú, ẹ kàn fi aṣọ ìnujú dúdú kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ dígí. Àlejò yóò lò ó, àwọn aṣọ ìnura funfun yóò sì bọ́ lọ́wọ́ àbàwọ́n.

Nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ aṣọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rírán fóòmù, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ẹ̀yìn pákó orí bẹ́ẹ̀dì. Àmì dúdú tó-tó-tó bíi ti gègé ni ìdun ń fi sílẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ má gbé ohunkóhun kúrò nínú yàrá náà lọ sí òmíràn. Ẹ di aṣọ sínú ọ̀rá, ẹ lọ fi omi gbígbóná tó tó 60°C fọ̀ ọ́, ẹ ti yàrá náà, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ oògùn ìdun. Kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí oògùn kì í sábà pa ẹyin wọn, ọmọ yóò sì ti jáde nínú àwọn ẹyin náà nígbà yẹn.

Nípa ilé ìdáná, ẹ rántí fíríìjì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àlejò ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, omi ẹja sì ń ṣàn sí abẹ́ àpótí ẹ̀fọ́. Ẹ fa àpótí náà yọ, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ nu rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Ẹ ka ṣíbí, ẹ ti fáálù gáàsì, ẹ tẹ̀síwájú.

Àyẹ̀wò

Ẹni tó tún ilé ṣe kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń bọ̀ látìta ni, kó má sì sí ẹni tó fún tùràrí tàbí òórùn dídùn sínú ilé kó tó dé. Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó mí sínú lẹ́ẹ̀mẹta. Imú ẹni tó ti wà nínú ilé fún wákàtí mẹ́ta kò gbóòórùn ọ̀rinrin mọ́.

Kó mú tíṣù funfun dání, kó nu ibi tí ọwọ́ àlejò ń dé: rìmóòtù, súwíìṣì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, orí fíríìjì. Kó jókòó sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kó wo ohun tí àlejò yóò máa wò láti ibẹ̀. Jànkáríwọ̀ tí gbogbo èèyàn fò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Àṣìṣe mẹ́rin péré ló lè dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà: irun, yanrìn lórí bẹ́ẹ̀dì, àbàwọ́n lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì tàbí aṣọ ìnura, àti òórùn. Yòókù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe nígbà tó bá kàn. Ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí àlejò tó wọlé, kí aago rẹ̀ lè jẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé báyìí lòun ṣe bá a.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá tó dàgbà ju alábòójútó lọ ni ẹ máa ń gbà síṣẹ́. Kíkígbe mọ́ wọn kò bójú mu, kì í sì í mú ilé mọ́. Ibi tí àṣìṣe wà gan-an ni kí ẹ ti tún un sọ, pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ihò omi yìí àti fọ́tò yìí, kí lẹ rí?” Wọ́n á rí i fúnra wọn. “Ó yé mi, ọmọ mi,” iṣẹ́ á sì parí láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ máa san owó iṣẹ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tún ilé ṣe, kí ẹ sì fi owó kékeré kan kún un lóṣù tí àlejò kò bá pọ̀, kí wọ́n má baà fi yín sílẹ̀ kó tó di Kérésì. Tí àlejò bá sọ ilé di ààtàn, ẹ fi owó kún un. Tó bá jẹ́ àṣìṣe tiwọn, kí wọ́n tún un ṣe láìgba owó mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ owó lórí ife tó fọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń yọ owó, àfọ́kù ife ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀, àlejò ló sì máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Tí àlejò bá ké pè pé nǹkan kò mọ́, ẹ rán ẹnì kan lọ láàárín wákàtí kan, kó má ṣe bá wọn jiyàn. Ẹ kọ ẹjọ́ náà sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti yàrá. Ẹjọ́ kan náà tó bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wáyé, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa lé. Ẹ lọ wo irinṣẹ́, omi, tàbí ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé yàrá, kí ẹ tún ìyẹn ṣe.